Ìgbéyàwó Minda Di Ẹ̀yìn Ìbò

Ọjọ́ ìbò ni Minda àti Nilo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ara wọn, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ayé.

Luzviminda ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Minda ni gbogbo ìlú San Telmo ń pè é. Tíṣà ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìbò bá sì ti dé, àwọn tíṣà ni ìjọba máa ń kó jókòó ti àpótí. Iṣẹ́ tí wọ́n fún Minda lọ́dún yẹn kò le. Ẹni tó bá dìbò tán, Minda ni yóò fi yíǹkì kun èékánná rẹ̀, kó má baà yí gbirí padà wá dì í lẹ́ẹ̀kejì.

Láti àárọ̀ ló ti ń kun ìka, ìka apẹja tó rí gbágungbàgun, ìka ìyá arúgbó tó ń gbọ̀n, títí ìka fi ń sú u. Ìgbà náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan na tirẹ̀ sí i. Ìka náà gùn, òórùn epo ẹ́ńjìnnì sì ń tara rẹ̀ jáde.

"Tíṣà, ṣé yíǹkì yìí máa ń ṣí?"

"Ó máa ṣí tó bá yá."

"Ìgbà wo ló máa yá?"

"Tí èékánná yín bá hù tán. Ẹ kúrò níbẹ̀ o, èrò wà lẹ́yìn yín."

"Ẹ dákun, ẹ kun ìka kejì náà. Mi ò fẹ́ kó tètè ṣí."

Àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Minda lejú, kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì, yíǹkì dà sí ọ̀dọ́kùnrin náà látẹ́lẹwọ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn, ó sì jáde lọ. Nílé, nígbà tí Minda ń fọ ọwọ́ tirẹ̀, ó rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín sí omi.

Nonilon ni orúkọ rẹ̀, Nilo ni wọ́n ń pè é, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe. Kò sí àléébù lára rẹ̀ bí kò ṣe ẹyọ kan: òdìkejì odò, ní San Roque, ni ilé ìyá rẹ̀ wà.

Ilé méjì ló pín San Telmo láàárín ara wọn, ilé Villaruz àti ilé Catindig. Bí Villaruz bàbá bá lo àsìkò rẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bíi méyọ̀, ìyàwó rẹ̀ á bọ́ sórí àga. Bí ìyàwó bá ṣe é tán, ó kan ọmọ. Catindig náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí tiwọn bá wọlé. Àwòrán ojú wọn wà lára abẹ̀bẹ̀ tí èèyàn fi ń fẹ́ra ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà lára àpò ìrẹsì, ó wà níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀. Bí èèyàn bá kú, wọ́n á gbé òdòdó wá, orúkọ wọn á sì tóbi ju orúkọ òkú lọ. Ìhín odò, Villaruz ni. Ọ̀hún odò, Catindig ni. Bàbá Minda, Kapitan Eusebio, olórí àdúgbò, ni ọwọ́ ọ̀tún Villaruz. Àbúrò ìyá Nilo ló sì ń pariwo fún Catindig kiri lórí ọkọ̀ tí wọ́n so gbohùngbohùn mọ́.

Àǹtí Belen, àbúrò Kapitan, tó máa ń ta bibingka, àkàrà ìrẹsì gbígbóná, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, ló ṣe alárinà. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń bọ́ àkùkọ ìjà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọkùnrin kan ń wo Minda o."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Sepa, òdìkejì odò."

Kapitan kò gbójú sókè. "Kí Méyọ̀ wá gbọ́ pé ará ilé Catindig ń fẹ́ ọmọ mi? Kó ní mo ti ta òun?"

"Ṣé Méyọ̀ ló bá yín bí i ni?"

"Belen, fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìbò."

"Ìbò wo? Èyí tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì tán yìí?"

"Èyí tó ń bọ̀."

Síbẹ̀ Nilo ń bọ̀. Bí ọkùnrin bá ń fẹ́ ọmọ níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sin ilé ọmọ, Nilo sì sìn ín. Ó ń la igi, ó ń pọnmi, ó gun orí òrùlé lọ dí ibi tó ń jò, ó tún alùpùpù Kapitan ṣe títí ohùn rẹ̀ fi dún bíi ti tuntun. Kapitan ń gba iṣẹ́, kò gba ọmọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Nilo á dúró níta fèrèsé, Minda á jókòó nínú, Àǹtí Belen á wà lórí àga láàárín wọn, á máa ṣe bí ẹni tó sùn.

"Kí lo máa sọ fún Baba tí wọ́n bá tún ní ẹ̀yìn ìbò?" Minda bi í lọ́jọ́ kan.

"Màá ní ó dáa, sà. Ṣebí ìbò kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe mọ sùúrù."

"Èmi ò mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ ni kí o máa bínú, èmi á máa ní sùúrù. Bá a ṣe máa pín in nìyẹn."

"Ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ jẹ́ kí n sùn," Àǹtí Belen ní. Ẹ̀rín sì gba gbogbo ilé.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn títí tí ìbò kejì fi kù díẹ̀. Nígbà náà ni ìjì líle jáde láti inú òkun, ó sì gbé òrùlé San Roque lọ bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Nígbà tí omi fà, Méyọ̀ Villaruz kó ìrẹsì wá, àwòrán ojú rẹ̀ lára àpò kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Kapitan ló ṣáájú àwọn tó ń pín in, wọ́n sì kó àwọn tíṣà láti bá wọn gbé e. Minda wà lára wọn. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n dé ilé Sepa, ìyá Nilo. Ilé náà kò ní orí mọ́. Ìyá náà jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó kù, nínú oòrùn, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún.

Minda ti gbé àpò lé èjìká. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan.

"Kọjá," ni bàbá rẹ̀ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Minda wò ó.

"Mo ní kí o kọjá. Àwa kọ́ ni wọ́n dìbò fún."

Minda kọjá. Ó gbé àpò náà dé ilé kejì, tí àwọn ará ibẹ̀ dìbò fún Villaruz, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Sepa kò pariwo, kò bẹ̀bẹ̀, kò ṣépè. Ó kàn ń wò ó, Minda sì rí i pé ó ń wo òun.

Nílùú kékeré, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Nilo dúró lẹ́nu ọgbà ilé ìwé.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ìwọ fúnra ẹ lo gbé àpò náà?"

"Èmi ni."

"Kí lo wá wí?"

"Mi ò wí nǹkan kan."

Ká ní Nilo bú u ni, bóyá Minda ì bá bẹ̀ ẹ́. Ká ní ó bẹ̀ ẹ́ láti ṣàlàyé ni, bóyá ì bá sunkún. Kò ṣe ọ̀kankan. "Mama mi ò bínú," ló wí. "Wọ́n kàn ní kí n má mú ẹ wá sílé àwọn." Kí ìbò tó dé, ó ti bá àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Qatar lọ.

Láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti kú tipiri nínú Minda. Kò sunkún, kò rù. Ó ń kọ́ ọmọ níwèé, ó ń dá àwọn ọmọ lẹ́kun, ó ń jẹun. Lọ́jọ́ ìbò kejì, ó tún jókòó, ó kun ìka fún gbogbo àdúgbò, kò sì rántí ìka ẹnikẹ́ni nínú wọn. Villaruz wọlé. Wọ́n yin bọ́ǹbù aláriwo, Kapitan jó lójú títì, ó fa Minda lọ́wọ́ pé kó wá jó, Minda sì jó. Lójú rẹ̀, ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló wọ aṣọ rẹ̀ tó ń jó.

Nilo ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Lójoojúmọ́ ni níbẹ̀rẹ̀. Ó di ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Ó di ìgbà Kérésì. "Báwo ni?" "Dáadáa ni. Ìwọ ńkọ́?" "Dáadáa ni." Àwọn ọkùnrin mìíràn wá sílé, àwọn tí Kapitan fọwọ́ sí. Minda bu omi fún wọn, wọ́n mu omi, wọ́n lọ.

Ẹ̀yìn èyí ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọmọ Villaruz lọ fẹ́ ọmọbìnrin Catindig ní Manila. Nígbà tí àsìkò ìpolongo ìbò kẹta fi máa dé, ilé méjèèjì ti di ọ̀kan. San Telmo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá pátákó tuntun ní gbogbo oríta, Villaruz àti Catindig fọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ìbejì. Àwọn tó ti fọ́ ara wọn lórí nítorí wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọn ò mọ ibi tí àwọn ó kojú sí.

Ojú Kapitan dá wáí fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó tún ara rẹ̀ ṣe. Ó wọ ilé ìdáná wá níbi tí Minda ti ń họ ìpẹ́ ẹja.

"Minda, ọmọkùnrin òdìkejì odò yẹn dà?"

"Èwo, Baba?"

"Èyí tó máa ń la igi."

"Ó wà ní Qatar."

"Sọ fún un kó máa bọ̀. Ṣebí o fẹ́ràn ẹ̀? Ta ló wá ń dí yín lọ́wọ́?"

Minda wo bàbá rẹ̀. Ó ń retí kí inú òun dùn, tàbí kí ó bàjẹ́, èyí tó bá wù ú. Ọ̀kankan ò dé. Ó padà sórí ẹja.

Nilo dé. Irun iwájú orí rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Ìdí àtẹ bibingka Àǹtí Belen ni wọ́n ti pàdé, kọfí wà níwájú wọn.

"O ti gbẹ," ni Minda wí.

"Ìwọ ti sanra díẹ̀. Ó bá ẹ mu." Ó fi ṣíbí po kọfí inú ife rẹ̀. "Ṣé inú ẹ dùn pé mo dé?"

"Mi ò mọ̀. Tìẹ ńkọ́?"

"Kí n má parọ́ fún ẹ. Ọdún kan wà lọ́hùn-ún tí mi ò rántí ojú ẹ mọ́. Tí mo bá wo fọ́tò ẹ, á dà bíi fọ́tò ìyàwó ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ náà yẹ kó dun Minda. Ó dúró kó dùn ún. "Tèmi dà bí ìgbà tí dókítà eyín gún èèyàn lábẹ́rẹ́," ló wá wí. "Mo mọ̀ pé ètè mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá gé e jẹ, mi ò ní mọ̀."

Àǹtí Belen gbé bibingka síwájú wọn, ó káwọ́ lérí. "Ẹ ò bínú síra yín, ẹ ò rẹ́rìn-ín síra yín. Irú ìfẹ́ wo lèyí?"

"Èyí tó kù ni, Àǹtí," Nilo dá a lóhùn.

Wọ́n pín bibingka náà sí méjì, wọ́n jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ni àwọn ará ilé Nilo rékọjá odò wá tọrọ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Wọ́n gbé odidi ẹlẹ́dẹ̀ sísun dání, wọ́n gbé ìrẹsì alátè tí wọ́n fi àgbọn sè. Sepa kò fẹ́ wá, ọmọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ pálọ̀ Kapitan, wọ́n bá àlejò níbẹ̀: Villaruz fúnra rẹ̀ àti Catindig fúnra rẹ̀, pẹ̀lú onífọ́tò kan tó ti gbé iná kalẹ̀.

Kapitan kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó dáadáa. "Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbò la máa ṣe é," ló wí. "Orí pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, kí gbogbo ìlú lè gbà. Méyọ̀ àti Ọ̀gá Catindig ló máa dúró bíi bàbá onígbọ̀wọ́ fún tọkọtaya. Ìhín odò àti ọ̀hún odò, ó ti di ọ̀kan!"

"Áà," Àǹtí Belen wí láti ilé ìdáná. "Bàbá ìsàlẹ̀ ìbò ti di bàbá ìsàlẹ̀ ìyàwó."

Onífọ́tò fa Sepa wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kapitan. "Mama, ẹ bọ ara yín lọ́wọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Sepa kò na ọwọ́. "Mo ní ìbéèrè kan kí n tó rẹ́rìn-ín. Lọ́dún ìjì, ẹ gbé oúnjẹ kọjá níwájú ilé mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ilé mi ti wá wà lójú ọ̀nà báyìí."

Villaruz ń wo ẹlẹ́dẹ̀. Kapitan rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́. "Ìyá Nilo, ẹ jẹ́ ká fi ti àná sílẹ̀. Òṣèlú ni nígbà yẹn."

Minda dìde. Kò mọ̀ pé òun máa dìde. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Sepa, ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó fi kan iwájú orí ara rẹ̀, bí ọmọ ti ń kí àgbà níbẹ̀. "Mama, èmi ni mo gbé àpò náà. Mo rí yín, mo sì kọjá." Ohùn rẹ̀ lọ geere, bí ẹni tó ń ka ìwé fún kíláàsì. Ojú rẹ̀ gbẹ táútáú.

Sepa kò fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Mo mọ̀," ló wí. "Mo rí i pé o rí mi."

Minda yíjú sí bàbá rẹ̀ láti orí ìkúnlẹ̀. "Baba, ẹ̀yìn ìbò la máa ṣe ìgbéyàwó náà."

"Ẹ̀yìn ìbò kẹ̀? Ta ló máa wá síbẹ̀ lẹ́yìn ìbò?"

"Ẹni tó bá wá."

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú Méyọ̀ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ká dúró títí di ẹ̀yìn ìbò, Baba. A ti wá mọ̀ ọ́n dúró."

Kapitan kọjú sí Nilo. "Ìwọ ńkọ́? Ṣebí ọkùnrin ni ẹ́! Sọ̀rọ̀!"

Nilo wo ìyá rẹ̀, ó wo Minda. "Ohun tí Minda bá wí náà ni, sà."

Villaruz wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òkú kan wà tí àwọn ní láti lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Òun àti Catindig jọ jáde, onífọ́tò ká iná rẹ̀ tẹ̀lé wọn. Wọn ò fọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀. Kapitan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ lójú ọ̀nà jíjìn.

Ìbò dé, ìbò lọ. Villaruz àti Catindig wọlé wẹ́rẹ́, nítorí kò sí ẹni tó bá wọn dù ú. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi sí ipò Kapitan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Méyọ̀, fóònù rẹ̀ kò sì dún mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré San Roque ni Minda àti Nilo ti gbéyàwó, lójú ìwọ̀nba èèyàn. Kapitan dé nígbà tí wọ́n ti ń kọrin, ó wọ aṣọ barong rẹ̀ tó dára jù, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó sì lọ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ. Nígbà tí fádà bi Minda bóyá ó gbà, ó gbọ́ tí ẹnìkan ní "mo gbà", ó sì mọ̀ pé òun ló sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ lára ni bàtà tó ń fún un lẹ́sẹ̀.

Ó kó lọ sílé Sepa. Òun àti Nilo ń ṣe dáadáa síra wọn, bí àlejò méjì tí wọ́n fi sí yàrá kan náà. "Ẹ ṣeun." "Kò tọ́pẹ́." Bí Minda bá bu oúnjẹ fún Nilo, Nilo á dúpẹ́. Bí Nilo bá bá a ti fèrèsé, Minda á dúpẹ́. Wọ́n ń sùn síbùsùn kan náà, àyè sì ń wà láàárín wọn tí ọmọdé lè sùn sí. Sepa ń wò wọ́n.

Ọjọ́ kan nínú ìgbà òjò, Nilo wọ ọkọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, ó ní òun fẹ́ dán an wò dé ẹnu òkun, òun á dé kí ìrẹsì tó jinná. Minda gbé ìrẹsì kaná. Ojú ọ̀run ṣú. Afẹ́fẹ́ yí padà lójijì, òjò dé pẹ̀lú rẹ̀, òkun sì dúdú bí àwo ẹjẹ̀ tó dì. Minda jáde lọ wo etíkun, ó padà wọlé. Ó tún jáde. Ìgbà tó máa fi mọ̀, ó ti wà lẹ́sẹ̀ lásán nínú iyanrìn, omi dé orúnkún rẹ̀, ó ń na ọrùn, ohun kan sì ń lu gbàgàgbàgà láyà rẹ̀ tí kò lù bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti pẹ́.

Ó pẹ́ gan-an kí ọkọ̀ náà tó yọ. Ẹ́ńjìnnì ti kú, Nilo ló ń wà á bọ̀ tọwọ́tọwọ́. Ó fò bọ́ sílẹ̀, ó rin gbindin, ó gbé ẹja ńlá kan sókè.

"Minda! Wo ohun tí mo—"

Ìgbájú ló gbà. Minda tún gbá a ní èkejì.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Ojú ọ̀run tó dúdú báyìí, o ò lójú ni? Ìwọ àti ẹ́ńjìnnì ẹ tí kò níláárí! Ta ló rán ẹ? O lọ sí Qatar, o ò kú síbẹ̀, ibí lo wá fẹ́ kú sí, níṣojú mi! Ẹran burúkú! Alápá-má-ṣiṣẹ́! Ta ni kí n wá…" Ohùn rẹ̀ ya. Ó ń lù ú láyà pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, ó ń sunkún kíkankíkan bí ọmọ kékeré tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́jà.

Aládùúgbò kan sáré jáde, ó fẹ́ là wọ́n. Sepa nawọ́ dí i lọ́nà. "Fi í sílẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kó bú u. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kẹ́nìkan bú ẹnìkan nínú ilé yìí."

Ẹja bọ́ lọ́wọ́ Nilo, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún padà sínú omi. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde bí ẹ̀rín. Ó di ìyàwó rẹ̀ mú, Minda sì ń bú u lọ nínú àyà rẹ̀, òjò ń rọ̀ lé wọn lórí. Òórùn ìrẹsì tó ń jóná gba gbogbo etíkun, kò sì sí ẹni tó lọ sọ ìkòkò kalẹ̀.